Katapílà Tí Dàda Bà Lórúkọ Jẹ́

Dàda Abọ́dúndé kò wa ju katapílà kan ṣoṣo lọ láyé rẹ̀. Délímà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ náà gàdàgbà sí i lápá, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ti pa á rẹ́, ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè kà á. Bàbá Ọláìtán ló rà á nígbà tí irun Dàda ṣì dúdú. Nígbà tí bàbá náà kú, Ọláìtán, ọmọ rẹ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, gba ilé-iṣẹ́. Ó bá Délímà níbẹ̀. Ó bá Dàda lórí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà kò tóbi, kò sì kéré. Wọn kì í bá àwọn tó ń kọ́ afárá du iṣẹ́. Iṣẹ́ gọ́tà ni tiwọn, àti títì àdúgbò, àti páìpù kọnkéré tí wọ́n ń rì sábẹ́ títì kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe páìpù náà ní yáàdì wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bí kò bá sí iṣẹ́ lóde, ibẹ̀ ni Dàda máa ń wà. Yóò nu Délímà, yóò fi gírísì sí oríkèé rẹ̀, yóò wá jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ bí ẹni jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀.

Kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ iṣẹ́. Ó lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tó wà lẹ́nu apá Délímà, gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi láìfi irin kan páìpù náà. Àwọn kan wà ní Mushin tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tó gbẹ́ gọ́tà kọjá níwájú ilé wọn, tí òkúta àtẹ̀gùn wọn kò mì. Bí Dàda bá ń kọjá ní àdúgbò yẹn, wọ́n á kí i láti orí bẹ́ǹṣì. Kì í dá wọn lóhùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n títì yẹn ló máa ń gbà.

Ọdún tó kọjá, pọ́ńpù tó ń ti ọ́ìlì sí apá Délímà bàjẹ́. Àwọn tó ń ta Délímà ní Èkó ti kó lọ tipẹ́. Ọláìtán ní kí wọ́n bá òun wá pọ́ńpù náà wá láti òkè òkun. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, pọ́ńpù kò dé. Iṣẹ́ gọ́tà tí wọ́n ń ṣe nígbà náà dúró lójú kan, omi kún inú kòtò, àwọn ará àdúgbò ń bú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ojú Dàda ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n wá jó pọ́ńpù àtijọ́ náà pọ̀, wọ́n fi ń lo Délímà bí ẹni ń lo aláìsàn.

Lọ́dún yìí, Ọláìtán rí iṣẹ́ gọ́tà mìíràn gbà ní Mushin. Wọ́n sọ fún un pé kó parí kí òjò ńlá tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má tún padà wá tọrọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó mọ̀ pé Délímà kò lè là á já. Ó ní òun yóò ra katapílà tuntun.

Irú méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni Délímà tuntun, tí ẹnì kan lè bá a fi ọkọ̀ ojú omi kó wá. Èkejì ni Sórákò. Àwọn tó ń ta Sórákò wà ní Èkó níbí, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní mẹkáníìkì, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lórí àtẹ wọn. Bó bá bàjẹ́ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọláìtán ti rò ó síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn, Sórákò ló wù ú. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ rà á kí Dàda tó jókòó lé e.

Bàbá rẹ̀ ló fi àṣà náà lélẹ̀. Ní yáàdì yẹn, wọn kì í ra ẹ̀rọ àfi kí ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń wa ẹ̀rọ kọ́kọ́ gùn ún, kó fi gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n á gbàdúrà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ohun tó bá sọ labẹ gé. Kò sí ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè kejì. Ìjókòó ni wọ́n ń pè é. Dàda kò ṣe ìjókòó rí, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ra Délímà, wọn kò tíì ra katapílà mìíràn.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi tírélà gbé Sórákò dé. Ọmọbìnrin kan ló kó o wá, Christianah, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ àti bàtà ńlá. Ní Yaba ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ẹ̀rọ han àwọn tó fẹ́ rà á. Ó kúnlẹ̀ kí Dàda, bàtà ńlá náà kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀ tán.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Kí ẹ tó gòkè, ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀ hàn yín. Ó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí..."

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Christianah, sà."

"Christianah, ṣé wọ́n ti bí bàbá ẹ nígbà tí mo kọ́kọ́ gun katapílà?"

"Wọ́n ti bí wọn sà. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí màmá mi."

Yáàdì rẹ́rìn-ín. Dàda náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Dúró síbẹ̀ yẹn kó o máa wò mí."

Habeeb wà níbẹ̀. Òun ló tẹ̀lé Dàda nínú àwọn tó ń wa ẹ̀rọ, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n Dàda ló ṣì ń rán an níṣẹ́ gírísì. Ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Àǹtí, ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Katapílà ló máa ń kọ́kọ́ kí Bàbá."

Ẹnì kan gbàdúrà ní ti onígbàgbọ́, ẹnì kan gbà á ní ti Mùsùlùmí. Wọ́n ṣe àmín. Dàda gòkè, ó jókòó. Ìjókòó náà rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lójú. Ọ̀pá méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ṣe wà lórí Délímà gẹ́lẹ́.

Lórí Délímà, ọwọ́ òsì ló ń gbé apá ńlá, èyí tó so mọ́ ara ẹ̀rọ, sókè, òun náà ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń na apá kékeré, èyí tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání, síwájú, òun ló ń ká a padà. Dàda fa ọ̀pá òsì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí apá ńlá lè gbéra. Apá ńlá kò mì. Apá kékeré ló ká wọlé bọ̀ wá bá a.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti gbọ́ rí pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn wà ní òsì, ti òsì sì wà ní ọ̀tún. Kò jókòó lé ọ̀kan rí ni. Ó yé e pé ohun tí ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ nìyẹn.

Bó bá yọjú síta, tó ní, "Christianah, gòkè wá," ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n yáàdì ti kún. Àwọn bíríkìlà tó ń ṣe páìpù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọláìtán ká ọwọ́ sẹ́yìn bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti gbàdúrà. Ó sì ti fi ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Dàda rò pé ọwọ́ òun yóò gbọ́ bí òun bá bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe, inú ọkàn rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń pè é, ọ̀tún gbé e, òsì nà án. Ó gbẹ́ ìkejì. Wọ́n rò pé ó ń fi ẹ̀rọ náà wò ni. Ó gbẹ́ ìkẹta, ó gbé e sókè, ó yí i lọ sí òdì kejì, níbi tí wọ́n to àwọn páìpù tuntun sí, kó lè da iyẹ̀pẹ̀ náà sí ẹ̀yìn wọn.

Habeeb pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ di tiyín."

Dàda yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ padà sí ohun tó mọ̀. Ó fẹ́ na apá kékeré kó kọjá lórí páìpù, ó ti ọ̀pá ọ̀tún síwájú. Apá ńlá ló já wálẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún iyẹ̀pẹ̀. Ó bọ́ lé àwọn páìpù náà. Wọ́n fọ́ bí ìkòkò. Eruku bo ibẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, Ọlọ́run ló bá wọn ṣe é.

Ó pa ẹ̀rọ. Kò tètè dìde. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?" Ọláìtán ló bi í.

"Apá ẹ̀ ń já."

"Ó ń já báwo?"

"Ọ́ìlì ń sá nínú ẹ̀. Mo dá a dúró sókè, ó já wálẹ̀ fúnra ẹ̀."

Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Ó ti ṣe Délímà rí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ kò lè pa irú irọ́ yẹn, ohun tó jẹ́ kó wọlé nìyẹn.

Christianah ní, "Bàbá, tuntun ni o. A dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù lánàá. Bóyá ọ̀pá yẹn ló..."

Ọláìtán gbọ́wọ́ sókè. "Àǹtí, Bàbá ti sọ̀rọ̀."

Ọmọbìnrin náà sún sẹ́yìn. Dàda kò wo ojú rẹ̀. Olórí àwọn bíríkìlà wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ Bàbá, bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló wà lórí ẹ̀rọ burúkú yìí, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni ì bá lọ. Àwọn yòókù ní òótọ́ ni. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dàda dúró, ó gba ọpẹ́ náà, nítorí kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Àwọn mẹkáníìkì Sórákò wá sí yáàdì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sọ̀ kalẹ̀. Dàda kò sí níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ òun. Ọláìtán sọ fún àwọn mẹkáníìkì náà pé àìsàn kan wà tí kì í fara hàn lójú dókítà. Ó ní Bàbá kò parọ́ fún bàbá òun rí, kò ní torí katapílà bẹ̀rẹ̀.

Habeeb ló wá sọ ọ́ fún Dàda nílé. Ó sọ ọ́ tán, kò gbójú sókè. Dàda ní ó dáa.

Ọ̀rọ̀ náà jáde ní yáàdì. Dàda ń wọ bọ́ọ̀sì ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ọkùnrin kan tó ń wa gírédà fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn fà á lápá. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ nípa Sórákò? Apá ẹ̀ ń já. Ó kù díẹ̀ kó pa èèyàn níbì kan. Ọ̀gá wa fẹ́ ra méjì tẹ́lẹ̀, ó ti ní òun ò rà mọ́." Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Dàda ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Dàda ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó bọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Títí tó fi délé, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, bó ṣe dá a lójú tó.

Nílé, ní Mushin, ó jókòó ní pálọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó ń fa òsì, ó ń ti ọ̀tún. Ó fẹ́ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Bó bá ti ń ronú, ọwọ́ náà á gbọ́. Bó bá ti gbé ọkàn kúrò báyìí, ó ti padà.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ta lẹ ń gbẹ́ gọ́tà fún ní pálọ̀ mi?"

Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sórí itan.

Ọláìtán pè é lórí fóònù. Ó ní òun ti pinnu, Délímà tuntun ni àwọn yóò rà. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń fún bàbá rẹ̀ lẹ́bùn. "Irú èyí tí ẹ mọ̀ ni mo fẹ́ fún yín, Bàbá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo máa ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n kó o wá. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn Sórákò máa wá gbé tiwọn."

Dàda bi í pé, "Pọ́ńpù ẹ̀ ńkọ́, bó bá bàjẹ́?"

"Tuntun ni, Bàbá. Ká má pe ibi wá."

Dàda mọ Délímà. Kò sí Délímà tí pọ́ńpù rẹ̀ kì í bàjẹ́ bí ó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ olómi fún ìgbà díẹ̀, ilẹ̀ olómi sì ni gbogbo Mushin. Ó rí kòtò tó kún fún omi lójú rẹ̀. Ó rí i bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọláìtán lẹ́ẹ̀kejì, tí wọn kò sì ní fún un ní òmíràn mọ́. Síbẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Ẹnjiníà."

Ní Ọjọ́bọ̀, Christianah wá sí ilé rẹ̀. Ó ti bi Habeeb léèrè ọ̀nà. Kò wọ aṣọ iṣẹ́, bùbá àti ìró ló wọ̀, ó gbé èso dání. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Bàbá, mo wá bẹ̀ yín ni."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò mọ̀ sà. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ní mo bá àgbà jiyàn níwájú oníbàárà. Wọ́n ní kí n má fi ẹ̀rọ han ẹnikẹ́ni mọ́, kí n jókòó sínú ọ́fíìsì títí wọ́n á fi pinnu lórí mi. Tí mo bá sọ ohun tó dùn yín lọ́jọ́ náà, ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Dìde."

Kò dìde. "Mo tún ní ìbéèrè kan, sà. Àwọn mẹkáníìkì wa ò rí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ fọwọ́ kàn nígbà tó já, kí n lè ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àwa ò mọ̀ ọ́n."

Ó sọ ọ́ láìsí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ó gbà gbọ́. Dàda wo irun rẹ̀ tó dì sẹ́yìn, ó wo orúnkún rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mo ti gbọ́," ló rí sọ. "Máa lọ sílé. Kò sí ìjà."

Ọmọ náà dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó Dàda náà. Nígbà tó lọ tán, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, èso náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó rẹ̀ gbé èso náà sórí tábìlì, kò gbé e wọ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dàda tètè dé yáàdì. Tírélà ti wà lẹ́nu géètì, Christianah dúró tì í pẹ̀lú dírẹ́bà, nítorí òun ni wọ́n ní kó wá gba ẹ̀rọ náà padà. Dàda kọjá lára rẹ̀, ó lọ tààrà sí yàrá kékeré tí Ọláìtán fi ṣe ọ́fíìsì. Ọláìtán gbé fóònù dání.

"Ẹnjiníà, ẹ má tíì pe àwọn Délímà."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Apá Sórákò kò já. Ọwọ́ mi ló ṣì í. Ọ̀tún rẹ̀ ni òsì tiwa. Mi ò mọ̀ ọ́n wà."

Ọláìtán wò ó. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fa àga fún un.

"Bàbá, ẹ jókòó. Habeeb sọ fún mi pé ọmọbìnrin yẹn béèrè ilé yín. Ó wá kúnlẹ̀ fún yín, àbí? Mo mọ̀ yín. Ẹ kì í fẹ́ kí ìyà jẹ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ fẹ́ di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru ara yín."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, èmi fúnra mi máa pe ọ̀gá ẹ̀. Màá ní kí wọ́n má lé e. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹnjiníà, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n wà."

"Ẹ̀yin?" Ọláìtán tún rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí fóònù.

Dàda rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ràn án. Orúkọ rere tó ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ ni ò jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó yíjú padà, ó jáde. Ó rìn lọ sídìí Sórákò, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gòkè. Nígbà tí àwọn bíríkìlà gbọ́ tí ẹ̀rọ náà dún, wọ́n gbé orí sókè. Ọláìtán sáré jáde. Habeeb tẹ̀lé e. Christianah wọlé láti ẹnu géètì.

Dàda fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí wọ́n lè rí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró lókèèrè. Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo fẹ́ gbé apá ńlá sókè."

Ó fa òsì. Apá kékeré ká wọlé.

"Mo fẹ́ na apá kékeré."

Ó ti ọ̀tún. Apá ńlá wálẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ilẹ̀, ilẹ̀ yáàdì mì.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí nìyẹn. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Mo parọ́ mọ́ ọn."

Ó pa ẹ̀rọ. Olórí bíríkìlà tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí bojú wolẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu sìmẹ́ńtì gbígbẹ lára ẹsẹ̀ kejì. Ọláìtán ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Bó bá bú u, ì bá sàn. Kò bú u.

"Habeeb," Dàda pè é.

"Bàbá."

"Ṣé o mọ̀?"

Habeeb wo Ọláìtán, ó wo ilẹ̀. "Irú ẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ìkòròdú, Bàbá. Mo rí ọwọ́ yín nígbà tí ẹ fà á lákọ̀ọ́kọ́."

"Láti ọjọ́ yẹn lo ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O ò sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ sọ, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó já."

Dàda mi orí. Nígbà náà ló mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí Habeeb ń wá kí òun nílé, tó ń wolẹ̀, tó ń pe òun ní Bàbá, ìhòòhò òun ló ń bá òun bò.

Christianah sún mọ́ àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Bàbá, ibì kan wà lẹ́yìn ìjókòó níbẹ̀ tí wọ́n ti ń yí i. Tí wọ́n bá ti yí i, bíi ti Délímà ló máa ṣe. Kò gba àkókò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lọ́jọ́ náà nìyẹn."

Dàda ti rò pé òun ti dé ìsàlẹ̀ ìtìjú náà, kò mọ̀ pé ó ṣì ku ibì kan.

Ọláìtán sún mọ́ wọn. "Yí i fún Bàbá," ó sọ fún ọmọbìnrin náà. "Sórákò la máa rà. Yí i fún wọn."

"Má yí i," Dàda ní. "Ọwọ́ Habeeb ló máa wà á. Bó ṣe wà yẹn ló mọ̀ ọ́n."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ lọ."

"Mo gbọ́, Ẹnjiníà. Christianah."

"Sà."

"Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ ẹ pé èmi ni. Dárúkọ mi fún wọn. Kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe yòókù náà."

"Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀ sà."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Dàda Abọ́dúndé."

Ó dìde lórí ìjókòó. Habeeb wá na ọwọ́ sí i kó lè sọ̀ kalẹ̀. Dàda wo ọwọ́ náà, ó dì í mú, nítorí àtẹ̀gùn náà ga fún un. Àwọn bíríkìlà yà fún un lọ́nà. Ó gba àárín wọn kọjá, ó jáde ní géètì, ó gba ọ̀nà ilé lọ.